Ohun tí Kámẹ́rà Dúró-ná Kò Lè Ṣe

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ló sọ ọ́ ní Dúró-ná, orúkọ náà sì bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọn ara ẹ̀ rán. Bó o bá gbé páànù búrẹ́dì gbígbóná jáde látinú ààrò, tí oru ẹ̀ ń gòkè lọ pàdé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé, wàá gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn rẹ: "Dúró ná! Jọ̀ọ́, má mira." Kó o tó bojú wẹ̀yìn, ó ti nu ìyẹ̀fun ọwọ́ ẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti fa kámẹ́rà yọ nínú àpò tó máa ń fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti di ojú kan, ó sì ń fi ojú kejì wo ayé. Páànù á máa jó onítọ̀hún lọ́wọ́, òun náà á máa bú Dúró-ná, á sì dúró. Ẹni tó bá dúró kì í kábàámọ̀. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan sí i, Dúró-ná á mú fọ́tò náà wá, onítọ̀hún á wo ara ẹ̀ títí, á ní, "Ṣé bí mo ṣe rẹwà tó nìyí tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?"

Kò fi fọ́tò ṣòwò rí. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó fún un, á ní, "Búrẹ́dì ni mò ń tà, n kì í ta ojú mi."

Kámẹ́rà ọ̀hún ti dàgbà. Ara ẹ̀ tó dúdú kirikiri nígbà kan ti họ níbi tí àtàǹpàkò máa ń gbà, irin abẹ́ ẹ̀ ti yọjú. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí nígbà kan, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà ló fi lẹ̀ ẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ní là ń náání. Dúró-ná mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Kò dìgbà tó bá wò ó kó tó mọ ibi tó yẹ kí ìka òun tẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tó bá ti sùn díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó máa ń lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ara wọn. Iyàrá kan lókè ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, kálukú á sì fi ohun tó yà hàn níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ń ta ilé àti ilẹ̀, Tuntun-dé ni wọ́n ń pè é, torí kò sí kámẹ́rà tuntun tó máa jáde tí kì í ṣe ọrùn ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ so rọ̀ sí. Èèyàn dáadáa ni o, ó lawọ́, àmọ́ ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan, bí Dúró-ná ṣe gbé kámẹ́rà ẹ̀ sórí tábìlì, Tuntun-dé rọra fi ìka kan tọ́ ọ bí ẹni tó ń jí aláìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí sinmi. Ó ti tó fẹ̀yìn tì."

"Bàbá yìí ṣì ń ríran."

"Ó ń ríran lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pá ló fi ń rìn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Dúró-ná náà rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tuntun-dé tan fọ́tò tiẹ̀ sára aṣọ funfun, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹyẹ kan ni, ó bà lé wáyà iná, ìyẹ́ ọrùn ẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. O lè rí òjò tó kán sí i lẹ́nu, kó o sì rí òrùlé ilé kan tó dorí kodò nínú ẹ̀kán òjò náà. Ọkàn ẹ̀ fà sí i. Nígbà tó ń bọ̀ nílé, ó dà bíi pé kámẹ́rà ọrùn ẹ̀ wúwo ju ìgbà tó ń lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó ẹ̀, kí àìsàn tó mú un lójú. Àìsàn náà lọ, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sílẹ̀: ìmọ́lẹ̀ a máa gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Dókítà ojú ní kó yàgò fún iná líle, kó má sì jáde lójú oòrùn láìlo awò dúdú. Látìgbà náà ni kọ́tìnì onílọ́po méjì ti wà lójú fèrèsé pálọ̀ wọn, iná kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò sì ń tàn ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ìta wọlé á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, títí ojú ẹ̀ á fi mọ inú ilé. Síbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Bó o bá gbé aṣọ lé e lọ́wọ́, á fi ìka méjì wọ́ ọ, á sọ irú èyí tó jẹ́ fún ọ, ọwọ́ lásán ló sì fi ń kan bọ́tìnnì tí kò ní já títí aṣọ á fi gbó.

Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ wo gbogbo fọ́tò ọkọ ẹ̀. Ojú fóònù ń dà á láàmú, nítorí náà orí bébà ni Dúró-ná máa ń fọ̀ wọ́n sí. Á gbé e sún mọ́ imú, á rọra yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná kékeré yẹn, á sì sọ òótọ́: "Èyí dùn. Èyí ò dùn. Ọkùnrin yìí ń bínú, ẹ̀yin lẹ ní kó rẹ́rìn-ín."

"Ìyá wa," ni Dúró-ná wí lọ́jọ́ tó ti ẹgbẹ́ dé yẹn, bó ṣe ń bọ́ bàtà, "mo rò pé ó yẹ kí n pààrọ̀ kámẹ́rà yìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti gbó ni."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé ẹ máa pààrọ̀ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í. "Tìẹ yàtọ̀. Wọn ò ṣe irú ẹ mọ́."

"Ẹ má fi oyin ra mí lẹ́nu. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, kí ni kámẹ́rà yín ò lè ṣe, tẹ́yin sì fẹ́ ṣe?"

Ó la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ́ ẹyẹ. Ó tún pa á dé. Látọjọ́ tó ti dáyé, kò wù ú rí kó ya ẹyẹ. Ẹyẹ kì í gbọ́ "dúró ná."

"Màá rò ó," ló ní.

"Ẹ rò ó dáadáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, èmi fúnra mi ni màá tì yín jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á."

Ó rò ó lóòótọ́. Ó ń rò ó bó ṣe ń po ìyẹ̀fun, bó ṣe ń gé e, bó ṣe ń tò ó sínú páànù. Ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ dé, ó fa páálí fọ́tò yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá òun á rí ibi tí kámẹ́rà ti já òun kulẹ̀. Kò rí i. Àwọn èyí tí kò dáa, àṣìṣe tiẹ̀ ni: kò sún mọ́ ẹni náà tó, tàbí kò ní sùúrù tó. Ṣùgbọ́n ó rí ohun mìíràn tí kò wá lọ. Fọ́tò ìyàwó ẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀ páálí náà: níbi tó ti di abẹ́rẹ́ mẹ́nu nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tó ti ń yán, níbi tó ti gbọ́mọ pọ̀n tó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù. Bó ṣe ń sún mọ́ òkè páálí, ìyá náà ń dín kù. Nígbà tó yá, kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá.

Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n má ya òun mọ́. Nígbà tí àìsàn ojú yẹn ṣì le, ó ní, "Ẹ má ya ojú yìí, mo bẹ̀ yín." Dúró-ná kò sì yà á mọ́, àní débi pé ó ti gbàgbé pé ohun kan wà tí òun fi sílẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ó ti ya gbogbo àdúgbò tán, ẹni tó ń jí rí kò sí nínú ẹ̀.

Ó dá gbogbo ẹ̀ padà sínú páálí, ó sì tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti ìlú tó ń gbé, ó gbé àkọ́bí ẹ̀ dání, ọmọbìnrin jòjòló, kí àwọn òbí ẹ̀ lè rí i. Ó gbé e lé ìyá ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú pálọ̀ olókùnkùn yẹn. Ìyá náà fà á mọ́ra. Ó ń fi ìka wo ọmọ náà bó ṣe máa ń wo aṣọ: iwájú orí, etí, imú, ìdí ọrùn.

"Etí yìí, ti àwọn bàbá ẹ̀ ni," ló ní. "Àmọ́ imú yìí, ẹnikẹ́ni ò lè bá wa du ú."

Dúró-ná dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí àpò kámẹ́rà kó tó mọ̀. Ìyàwó ẹ̀ gbọ́ ìró síìpù. Kò gbójú sókè. Dúró-ná rò pé yóò ní rárá.

"Ẹ yà wá," ni ìyá náà wí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo gbé òun."

Dúró-ná fẹ̀yìn ti ògiri, ó mú èémí sínú, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà náà la ẹnu, ó pẹ́ kó tó pa á dé. Ohun tó hàn lójú dígí ẹ̀yìn ẹ̀ kò ju èéfín méjì lọ, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ó tún un yà. Ọmọ ta ẹsẹ̀, èéfín kékeré di mẹ́ta.

Ọmọbìnrin wọn fa fóònù tiẹ̀ yọ. "Bàámi, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú." Fóònù náà fa ìmọ́lẹ̀ wá láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò sí, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ojú wọn pẹrẹsẹ bí ẹni lọ aṣọ. Ìyá àgbà di ọ̀dọ́mọbìnrin, ọmọ di bèbí oníke. Dúró-ná wò ó, ó mi orí.

"Àwọn wo wá nìyí? N ò mọ̀ wọ́n."

"Ẹ tan fíláàṣì tiyín nígbà náà, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ tàn án," ni ìyá àgbà wí. "Màá di ojú."

"Rárá."

"Ṣebí mo ní màá di ojú?"

"Mo ní rárá. N ò ní torí fọ́tò fi iná gún ẹ lójú. Bó o bá sì di ojú, ta ni mo wá yà?"

Ọmọ nìkan ló ń dá ọ̀rọ̀ sọ. Dúró-ná jókòó sórí àpótí, ó gbé kámẹ́rà lé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Ohun tó o bi mí. Ohun tí kámẹ́rà mi ò lè ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà yé ìyàwó ẹ̀. Ó wá gbá ọmọ mọ́ra dáadáa, ó ní, "Ó dáa. Mo ṣèlérí pé màá tì yín, ọmọ ni ò jẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀. Ẹ ṣe bíi pé mo ti tì yín. Ẹ máa lọ."

Obìnrin kan tó ga, tó gé irun mọ́lẹ̀, tó máa ń gbé awò ojú ẹ̀ sórí bíi fìlà, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà, tí wọ́n sì ti ń fọ fọ́tò. Ó mọ Dúró-ná dáadáa.

"Mo fẹ́ èyí tó ń ríran nínú òkùnkùn," ni Dúró-ná wí, kò tiẹ̀ tíì kí i.

"Òkùnkùn báwo, bàbá?"

"Kọ́tìnì dídì. Iná kékeré kan, aṣọ wà lórí ẹ̀. Ìyàwó mi, àti ọmọ tuntun."

"Ṣé wọ́n ń mira?"

"Ìyá máa ń dúró. Ọmọ ò gbọ́ tẹnì kankan."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ kámẹ́rà kúrò lọ́rùn Dúró-ná, ó yí i wò, ó ní, "Ẹ bá mi kálọ sẹ́yìn." Ó mú un wọ iyàrá tí wọ́n ń kó páálí sí, ó pa iná, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó lórí páálí kan. Ó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà tuntun kan fún un. Dúró-ná wá bọ́tìnnì tì, ó ṣèèṣì tẹ èyí tí kò yẹ, ó ṣèèṣì tún tẹ òmíràn, kó tó rí èyí tó ń wá. Fọ́tò tó jáde mọ́ gaara. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin náà yọ lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà àtijọ́ yẹn, ó fi òmíràn sí i, kúkúrú báyìí, ojú ẹ̀ fẹ̀ bí ojú òwìwí.

"Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló há," ló ṣàlàyé. "Ìmọ́lẹ̀ ò ráyè wọlé. Ó yá, ẹ yà mí."

Dúró-ná kò wo ìka ara ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Wínníwínní wà lára fọ́tò náà, bí ìyẹ̀fun tí wọ́n jọ̀ sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ni, ó sì ń wo ni.

"N ò ní parọ́ fún yín, bàbá. Tuntun mọ́ jù ú lọ."

"Mo rí i." Ó ń wo fọ́tò méjèèjì, ojú ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹyẹ Tuntun-dé bà lé e lọ́kàn díẹ̀. "Bó bá jẹ́ ìyá tiyín lẹ fẹ́ yà lónìí, èwo lẹ máa mú?"

Obìnrin náà ronú. "Ìyá mi? Á ti sú u kí n tó mọ ibi tí bọ́tìnnì wà. Ohun tọ́wọ́ mi bá mọ̀ ni màá gbé."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Lẹ́ńsì ló rà. Kó tó jáde, obìnrin náà kìlọ̀ fún un: "Bẹ́ ẹ bá la ojú ẹ̀ tán pátá, ibi tín-ínrín ló máa mọ́. Bẹ́ ẹ bá mú ojú ìyá, ojú ọmọ ò ní mọ́ kedere. Ẹ máa ní láti yan ọ̀kan."

Nígbà tó délé, ọmọbìnrin ẹ̀ ti sùn lọ lórí àga, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bó ṣe máa ń rí nígbà tó wà léwe. Ìyàwó ẹ̀ ṣì gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń ròyìn gbogbo ẹbí fún un, ẹni tó ṣeé fọkàn tán àti ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán. Dúró-ná dúró títí ojú ẹ̀ fi mọ inú ilé. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Dúró ná," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Ó kọ́kọ́ mú ojú ọmọ. Ó mọ́. Ó rí irun ìpéǹpéjú ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ìka ẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yán, ìyá àgbà bojú wò ó, gbogbo ojú ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, ojú tó ti ń fún pọ̀ láti ọjọ́ yìí nítorí ìrora. Dúró-ná yí lẹ́ńsì díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọmọbìnrin wọn tó lọ wọ ọkọ̀, Dúró-ná ti lọ fọ fọ́tò náà. Ó gbé e lé ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn gbé e sún mọ́ imú lábẹ́ iná kékeré, ó ń yí i, kò sọ "èyí dùn," kò sì sọ "èyí ò dùn."

"Ṣé bí ojú mi ṣe rí nìyí?" ló wá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ju báyìí lọ." Iná tó wà níwájú dígí ilé ìwẹ̀ wọn le jù fún un, ó sì ti pẹ́ tó ti wo ara ẹ̀ kẹ́yìn. Ó fi ìka kan tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀ lórí bébà. "Kí ló dé tí ọmọ ò fi mọ́ tó mi?"

"Wọ́n ní kí n yan ọ̀kan."

"Ẹ̀yin bàbá yìí! Ẹ wá fi ọmọ tuntun sílẹ̀, ẹ yan arúgbó!"

"Màá ya ọmọ títí á fi sú u. Ojú tìẹ ló ti ń wù mí láti rí tipẹ́."

Ọmọbìnrin wọn kọjú sí kọ́tìnì, ó ní òun ń wá bàtà ọmọ. Kò sí bàtà kankan níbẹ̀.

Dúró-ná fi fọ́tò náà han ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tó ti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú. Tuntun-dé kò ṣàwàdà. Nígbà tí àwọn yòókù ń palẹ̀ mọ́, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ti wà lórí ibùsùn láti ìgbà òjò tó kọjá. Ẹ bá mi wá yà á."

"Kámẹ́rà tìẹ ríran ju tèmi lọ."

"Mo mọ̀. N ò tíì yọ ọ́ níwájú ìyá mi rí ni. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀."

"Màá bá ẹ lọ," ni Dúró-ná wí. "Àmọ́ ìwọ lo máa yà á. Èmi á máa bá ìyá sọ̀rọ̀."

Wọ́n lọ. Ìyá náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun wá gèlè.

Láti ìgbà náà, ìyàwó Dúró-ná padà sínú páálí. Nígbà mìíràn, òun fúnra ẹ̀ ló ń pè é: "Ẹ wá ya ọwọ́ mi lára aṣọ yìí, ó dùn mọ́ mi." Kámẹ́rà àtijọ́ ọ̀hún ṣiṣẹ́ títí, ó wá kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan nílé búrẹ́dì, nígbà tí ẹnì kan dúró pẹ̀lú páànù gbígbóná lọ́wọ́. Dúró-ná tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó fi aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ wé e, ó sì ní kí ẹni náà máa lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí oòrùn wọ̀ díẹ̀, ìyàwó ẹ̀ fi awò dúdú sójú, ó di apá ẹ̀ mú, wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ga yẹn kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, màámi. Mo mọ ojú yín dáadáa, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́." Ó pa iná iwájú fún un, ó sì to kámẹ́rà mẹ́ta sórí tábìlì. Dúró-ná bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn. Ìyàwó ẹ̀ kò dúró dè é. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ etí, ó ń tẹ bọ́tìnnì wọn, ó ń gbọ́.

"Èyí ń pariwo, á máa jí ọmọ-ọmọ mi. Èyí náà ń pariwo." Ó tẹ ìkẹta. Ó tún un tẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e kọ́ ọkọ ẹ̀ lọ́rùn. "Èyí ló mọ bí wọ́n ṣe ń rọra wọlé ẹni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹsẹ̀ ti ń ro mí."